Ẹ wá lọ́yà kí lẹ́tà ìdádúró tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ ní òṣìṣẹ́ 18 ló wà ní ilé iṣẹ́ píọ́ wọ́tà yín ní Ìkẹ́rẹ́, pé owó dísẹ̀lì ti jẹ èrè tán, ẹ sì fẹ́ dá 7 dúró nínú wọn. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè fọwọ́ ara yín kọ lẹ́tà náà, kí owó lọ́yà má tún kún un.

Èmi ni mánijà béékírì kan ní Adó nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí dé bá wa. Mi ò ní dárúkọ béékírì náà, wọ́n ṣì ń ta búrẹ́dì. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, gbogbo nǹkan tó ń wọ búrẹ́dì ló gbówó lórí, àwọn oníbàárà wa sì ń dín iye tí wọ́n ń gbé kù. Ọ̀gá wa ní kí n kọ́kọ́ yọ àwọn àgbà òṣìṣẹ́, torí owó oṣù tiwọn ló pọ̀ jù. Ó tún ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà wọn pé wọ́n ń jí ìyẹ̀fun, ká má bàa san kọ́bọ̀ fún wọn.

Èmi ni mo ní ká dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ná. Kí bàbá náà tó dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀ rárá, ó ti ní ká kó lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, régísítà àti ìwé owó oṣù wá. Ó kà wọ́n fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó wá pè wá padà. Ọ̀rọ̀ olè ló kọ́kọ́ bá ọ̀gá wa sọ. Ó ní ẹni tó bá kọ ìdí sínú lẹ́tà, òun ló máa fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn níwájú adájọ́, àti pé “a ń fura sí wọn” kì í ṣe ẹ̀rí. Inú ọ̀gá wa ò dùn. Lójú tèmi, owó lọ́yà ti wọlé padà níbẹ̀ yẹn.

Ohun tó kù tó ṣe kò ní ariwo nínú. Labour Act, òfin òṣìṣẹ́ tó ti wà láti 1971, ní abala 20 tó dá lórí irú ìdínkù yìí. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ìdí tó fi fẹ́ dín èèyàn kù àti iye tó máa kàn. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, àmọ́ wọ́n lè wo ẹni tó mọṣẹ́ jù, tó sì ṣeé gbára lé. Èyí tó kù ni pé kí agbanisíṣẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàá-dúrà lórí owó tí wọ́n máa mú lọ sílé. Òfin náà ò dá iye kan. Àwọn kan á sọ fún yín pé owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan ni dandan. Irọ́ ni, àfi tí lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ yín tàbí àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá sọ bẹ́ẹ̀.

Àkókò ìkìlọ̀ ní tirẹ̀, òfin dá a. Ẹni tó ti lo ju oṣù 3 lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1. Ẹni tó pé ọdún 2 tí kò tó 5, ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tó ti pé ọdún 5, oṣù 1. Ẹ lè san owó dípò ìkìlọ̀ bí wọ́n bá gbà. Èyí wà fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé. Akáńtántì yín, ohun tó wà nínú lẹ́tà tirẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ má sì sọ pé ẹ ò fún ẹlòmíì ní lẹ́tà rí, torí náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Oṣù 3 ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti kọ àdéhùn náà sílẹ̀, ẹ̀yin sì ni ẹ ò kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí pẹ́ńṣọ̀n, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ́. Òṣìṣẹ́ 18 lẹ ní, òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 sì mú ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní 15 sókè. Agbanisíṣẹ́ á fi 10% sí i, òṣìṣẹ́ á fi 8%, owó náà sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá san owó oṣù. Níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò ní béèrè. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kó máa lọ, ohun àkọ́kọ́ tó máa lọ wò nìyẹn. Tí ẹ bá ti ń yọ ọ́ lára owó oṣù wọn tí ẹ ò fi ránṣẹ́, ẹ sọ fún lọ́yà yín kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Ní ti irú lọ́yà, ẹ mọ Èkìtì wa: agboolé wo ni kò ní lọ́yà? Ọmọ àbúrò yín á ní òun máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ọ̀ràn ilẹ̀ àti oyè ló ń jẹun lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Ẹ bi í léèrè ilé ẹjọ́ wo ló ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Tó bá dárúkọ High Court tó wà ní Adó, ẹ kí i, ẹ máa lọ. National Industrial Court ni, ó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, àtúnṣe kẹta ti 2010 sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ló sì fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Láti ibẹ̀, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló kù. Ọ̀rọ̀ yín ò ní dé Supreme Court. Ẹ ò sì nílò àwọn lọ́yà ńláńlá Èkó tó ń gba báńkì àti iléeṣẹ́ epo nímọ̀ràn. Ẹni tó ti ṣe ẹjọ́ ní Àkúrẹ́ rí, tó sì gbà láti dá owó kan fún iṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀, tó yín.

Nígbà tí a pe ìpàdé ní béékírì, àwọn òṣìṣẹ́ yan aṣojú 2. Lọ́yà wà níbẹ̀, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn, awakọ̀ wa, kò gbà. Ó lọ sáàfin, ó sì wá lọ́yà tirẹ̀. Ìjòyè tó bá wa sọ̀rọ̀ ṣe é dáadáa, ẹ má fojú tín-ín-rín ààfin o, torí òṣìṣẹ́ tí ẹ dá dúró lónìí, ẹ máa pàdé rẹ̀ níbi òkú lọ́la. Àmọ́ lọ́yà wa ní kí ohun tí a bá fẹnu kò sí láàfin di ìwé, kí tọ̀túntòsì buwọ́ lù ú. Ẹ̀tọ́ awakọ̀ náà sì wà lórí ohun kan: owó ìsinmi ọdún tí kò lò. A san án, kò sì dé Àkúrẹ́.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè pe ọlọ́pàá sí ẹni tó bá ṣagídí, tí kò fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọgbà. Rárá o. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Tí ó bá gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń di omi sínú ọ̀rá lọ, ìyẹn yàtọ̀. Tí kò bá gbé nǹkan kan, lẹ́tà lọ́yà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i.