Àlùbọ́sà mu àwọ̀, n kò rí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Òṣogbo níbí. Mo gbé àlùbọ́sà lé ife omi tí mo po àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí, mo rò pé sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ni yóò mu ún jù. Gbòǹgbò pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó ń pín. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ní ìlú aró tí ẹ wà yẹn, ta ni kò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo aró ló ń mú gbogbo aṣọ? Àwọ̀ kéèkì kì í mú kúrómósómù, àwọn fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá àjogúnbá, tí a fi ń mọ sẹ́ẹ̀lì tó ń pín. Omi ló kàn gbé e wọ gbòǹgbò.

Ẹ̀wẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì tó pín lójú wa, ó ti kó ẹrù rẹ̀ sínú. Ní 1953, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Howard àti Pelc lo phosphorus-32, irú phosphorus tó ń tú ìtànṣán jáde, lára gbòǹgbò ẹ̀wà Vicia faba, wọ́n sì rí i pé ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì dà bí ẹni tó ń sinmi gan-an ló ń fi í ṣe DNA tuntun, ohun àjogúnbá tó wà nínú kúrómósómù. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Pípín fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Omi lásán ni kí ẹ lò, kó kan ìdí àlùbọ́sà nìkan, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Tí gbòǹgbò bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, ẹ gé e sínú ẹ́táánọ́ọ̀lù ìdá mẹ́ta àti ásíìdì acetic ìdá kan, tí ẹ pò lọ́jọ́ náà, fún wákàtí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú ásíìdì hydrochloric 1M fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ásíìdì náà fúnra rẹ̀ ni kó gbóná dé 60°C, kì í ṣe omi tí ìgò rẹ̀ jókòó sí nìkan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Bí kò bá gbóná tó, sẹ́ẹ̀lì á gorí ara wọn. Bó bá pẹ́ jù, gbòǹgbò á yọ́ dànù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o.

Ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ gé mìlímítà méjì tó funfun bíi wàrà ní ṣóńṣó orí rẹ̀, kí ẹ da ìyókù nù: sẹ́ẹ̀lì òkè ibẹ̀ ń gùn ni, kò pín mọ́. Ẹ kán acetocarmine, aró pupa tó ń mú kúrómósómù, sí i, kí ẹ bò ó pẹ̀lú gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lórí bébà tí ẹ ṣẹ́ po. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ tààrà. Ẹ má yí i. Ẹ fi lẹ́ńsì 10 wá sẹ́ẹ̀lì kéékèèké onígun mẹ́rin, kí ẹ tó bọ́ sí 40. Púpọ̀ nínú wọn kò ní máa pín. Ẹ máa sún gíláàsì náà síwájú títí ẹ ó fi rí èyí tó ń pín.