Kí ló dé tí ọkùnrin Oberammergau kì í gé irun lọ́dún tí eré bá ń bọ̀?

Ìbéèrè náà rèé: “Mo rí àwòrán abúlé kan ní Jámánì. Àtọmọdé àtàgbà, gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló dá irun sí títí dé èjìká, irùngbọ̀n wọn sì bo àyà. Ṣé ẹ̀jẹ́ Násírì ni wọ́n jẹ́ bíi ti Sámsónì?”

Rárá o. Ẹ̀jẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun kọ́ ni wọ́n fi jẹ́ ẹ. Ohun tí irun yẹn ń sọ ni pé ọdún tí wọn yóò san ẹ̀jẹ́, ìyẹn ọdún tí wọ́n máa ń ṣe eré ìjìyà Jésù, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń da méjèèjì pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀ dáadáa.

Oberammergau ni wọ́n ń pe abúlé náà, ní Bavaria, ní gúúsù Jámánì, níbi tí àwọn òkè Alps ti bẹ̀rẹ̀. Ammer ni odò tó gba àfonífojì wọn kọjá, “Gau” ni àgbègbè, “Ober” sì ni òkè. Abúlé tó wà nísàlẹ̀ odò náà ń jẹ́ Unterammergau. Àwọn tó ń gbé Oberammergau lé díẹ̀ ní 5,000. Òkè Kofel, tó ga tó 1,342 mítà, ló dúró tì wọ́n bí ẹ̀ṣọ́, àgbélébùú sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà láti Augsburg lọ sí Ítálì gba ibẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n jogún ni igi gbígbẹ́: ère Jésù, ère Màríà, ère àwọn ẹni mímọ́. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí àwòrán ńláńlá lára ògiri ìta àwọn ilé. Franz Seraph Zwinck ló kun èyí tó lókìkí jù, lára ilé tí wọ́n ń pè ní ilé Pílátù, ní 1784.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1633. Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun ń gba ìlú dé ìlú, àjàkálẹ̀ àrùn sì ń tẹ̀ lé wọn. Ìtàn tí àwọn ará abúlé náà ń sọ fún ọmọ wọn ni pé wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí gbogbo ọ̀nà tó wọlé kí àlejò kankan má bàa gbé àrùn wá. Ṣùgbọ́n alágbàṣe kan wà tó ń jẹ́ Kaspar Schisler, ọmọ abúlé náà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Eschenlohe. Ọdún ṣọ́ọ̀ṣì kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú ìyàwó àti ọmọ ń wù ú rí. Ó bá yọ́ wọlé lóru. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó kú, àrùn náà sì tàn kálẹ̀. Ìtàn náà ní èèyàn 84 ló kú. Mi ò lè ka ìtàn Schisler kí àánú rẹ̀ má ṣe mí. Ilé rẹ̀ ni ọkùnrin náà kàn fẹ́ dé.

Nígbà náà ni àwọn àgbà abúlé kó ara wọn jọ síwájú àgbélébùú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá dá àrùn náà dúró, àwọn yóò máa ṣe eré ìjìyà, ikú àti àjíǹde Jésù ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn, àrùn náà kò pa ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 1634, nígbà ọdún Pẹ́ntíkọ́sì, wọ́n ṣe eré àkọ́kọ́ ní itẹ́ òkú tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, lórí sàréè àwọn tí àrùn pa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é títí di 1820, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibi tó wà báyìí. Láti 1680 ni wọ́n ti yí i sí ọdún tí òǹkà rẹ̀ parí sí òdo.

Gbogbo abúlé ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí. Bí ẹ bá ti di èyí mú, ìyókù á yé yín. Gbèsè tí bàbá jẹ ti di ti ọmọ àti ti ọmọ-ọmọ, òun ló fà á tí wọn kì í fi háyà òṣèré láti Munich. Ẹni tí wọ́n bí sí Oberammergau, tàbí tó ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún ó kéré tán, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gun orí ìtàgé. Olùkọ́ ni, agbẹ́gilére ni, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ni. Nígbà tí ìjọba Bavaria fòfin de irú eré bẹ́ẹ̀ ní 1770, ẹ̀jẹ́ yìí ni wọ́n fi bẹ̀bẹ̀. Ìjọba kò gbọ́ lọ́dún yẹn, àmọ́ nígbà tó di 1780 wọ́n gba ìyọ̀ǹda.

Irun wá ńkọ́? Ní Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, ní ọdún tó ṣáájú ọdún eré, abúlé náà máa ń lẹ ìkéde kan mọ́ ìta gbangba. Haar- und Barterlass lorúkọ rẹ̀, ìyẹn àṣẹ irun àti irùngbọ̀n. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ kópa kò gbọdọ̀ gé irun mọ́. Ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ fá irùngbọ̀n. Ó kan obìnrin àti ọmọdé pẹ̀lú. Àwọn tó máa ṣe ọmọ ogun Róòmù nìkan ló bọ́ nínú rẹ̀, nítorí àwọn ará Róòmù ìgbà náà máa ń gé irun mọ́lẹ̀. Wọn kì í lo wíìgì. Bí ó ṣe yé mi, ohun tó dára jù nínú àṣà náà nìyẹn: wíìgì, wọn ìbá wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án kí wọ́n bọ́ ọ lálẹ́, ṣùgbọ́n irun orí ẹni ń bá ẹni lọ sí ọjà, sí ọ́fíìsì, sí orí ibùsùn. Ó lé ní ọdún kan tí ojú ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún yín fi máa jọ ti ará Jerúsálẹ́mù.

Ní 2020, gbogbo irun ti gùn, ìmúrasílẹ̀ ti jìnnà, ni àrùn Kòrónà bá dé. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn wọ́n sún eré sí 2022, àwọn ọkùnrin sì gé irun tí wọ́n ti ń dá sí láti ọdún tó ṣáájú. Eré tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, àjàkálẹ̀ àrùn ló tún dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sún ti 1920 sí 1922 lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí Ọjọ́rú Eléérú 2021 dé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wo eré náà ní 2022 lé ní 400,000, nínú gbọ̀ngàn tó gba nǹkan bí 4,500 èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Wákàtí márùn-ún ni eré náà gbà, wọ́n á sì sinmi láàárín kí wọ́n jẹun.

N kò ní fi apá kejì pa mọ́. Fún ìgbà pípẹ́, eré náà di ẹ̀bi ikú Jésù ru gbogbo Júù. Hitler wá wò ó ní 1934, nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ọ̀ọ́dúnrún ọdún rẹ̀, ó sì yìn ín lẹ́yìn náà. Láti 1990 ni Christian Stückl, agbẹ́gilére tó di olùdarí eré, ti ń tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Wọ́n yọ igbe “kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí wa” kúrò ní 2000. Lónìí Jésù ń gbàdúrà lédè Hébérù lórí ìtàgé, Rábì ni wọ́n sì ń pè é, bí Júù tó jẹ́. Ọdún 1990 yẹn náà ni kóòtù dá àwọn obìnrin láre: ṣáájú ìgbà náà, obìnrin tó bá ti lọ́kọ tàbí tó ti lé ní ọdún 35 kò lè kópa. Ní 2022, Mùsùlùmí kan, Cengiz Görür, ọmọ ìdílé tó wá láti Tọ́kì, ló ṣe Júdásì. Àwọn kan lè sọ pé èyí ti yà kúrò lójú ẹ̀jẹ́. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Abúlé ló jẹ́jẹ̀ẹ́, ọmọ abúlé sì ni Görür.

Ọdún 2030 ni eré tó kàn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ tún máa rí irú àwòrán tí ẹ rí yẹn, Ọjọ́rú Eléérú 2029 ni kí ẹ máa wò. Ó bọ́ sí ọjọ́ 14 oṣù kejì.