Ètò mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́wàá: èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà lọ́yà. Ọdún kejì mi rèé nílé ẹ̀kọ́ òfin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ìwé ètò oṣù tó ń bọ̀ mọ́ ara ògiri. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì yóò ṣe àsọyé ńlá. Àpérò ẹlẹ́ni mẹ́rin yóò wáyé lórí bóyá ẹ̀rọ lè jẹ́ olùhùmọ̀ lójú òfin. Olùkọ́ wa kan yóò gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ tí kò tíì parí síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní akẹ́kọ̀ọ́ lè wá. Àwọn ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò náà ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sáàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ìwé kíkà sì ti wọ̀ mí lọ́rùn. Èwo ni kí n lọ? Bí mo bá sì lọ, kí ni kí n máa ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí kí n kàn jókòó? Ẹ̀rù máa ń bà mí láti béèrè ohunkóhun lójú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, méjì ni kí o mú nínú mẹ́rin yẹn: ìjókòó tí olùkọ́ yín yóò ti gbé iṣẹ́ tí kò tíì parí kalẹ̀, àti àpérò lórí ẹ̀rọ. Bó bá di pé ẹyọ kan ṣoṣo ni àyè rẹ gbà, ìjókòó olùkọ́ yín ni kí o lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n sábà máa ń kọ ní lẹ́tà tó kéré jù sísàlẹ̀ ìwé ètò.

Nínú ìwé ìdájọ́ tí ò ń kà fún ìdánwò, gbogbo nǹkan ti jinná kó tó dé iwájú rẹ. Adájọ́ ti rò ó síwá sẹ́yìn, ó ti pa ohun tó kọ́kọ́ kọ rẹ́, àbájáde nìkan ló kù. O ò lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó mọ́ ọn lọ́wọ́. Níbi ìjókòó àwọn olùkọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàá rí. Ẹni tó ni iṣẹ́ sábà máa ń fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Lọ́jọ́ náà, kò ní kà á fún yín. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ni yóò fi sọ kókó rẹ̀, tàbí kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá a sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u wò. Ẹnì kan á ní, "Ẹ sọ lójú ewé kejìlá pé ilé ẹjọ́ ti fìdí èyí múlẹ̀. Ṣé orí rẹ̀ ni ìdájọ́ náà dúró lé ni, àbí ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kàn sọ kọjá ni?" Ẹ ti kọ́ ìyàtọ̀ yẹn ní ọdún kìíní: ohun tó de ilé ẹjọ́ mìíràn, àti ohun tí kò dè é. Nínú kíláàsì, ńṣe lo há a sórí. Níbí, wàá rí i bí àwọn tó ti fi ogún ọdún kọ́ni ṣe ń wá a, tí ẹnu wọn kò sì kò.

Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ló gbé iṣẹ́ wá. Olùkọ́ kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí bi í ní ìbéèrè kan péré. Ó dákẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó wá ní, "Mi ò ní èsì sí èyí. Mo ní láti tún apá kẹta kọ." Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí mo rò ni pé àwọn àgbà mọ òfin bí èèyàn ṣe mọ ojú ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ gbólóhùn yẹn ni mo tó mọ̀ pé wíwá ni wọ́n ń wá a, bí èmi náà ṣe ń wá a, àti pé iṣẹ́ tí mo lè ṣe ni.

Mi ò fojú kéré àsọyé ńlá o. Ọ̀rọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde ti yí ẹ̀kọ́ òfin padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, Oliver Wendell Holmes, tó jẹ́ adájọ́ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts nígbà náà, lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin Yunifásítì Boston sọ̀rọ̀ níbi ìṣílé gbọ̀ngàn tuntun wọn. Ó ní bí èèyàn bá fẹ́ mọ òfin gẹ́lẹ́, kó fi ojú èèyàn burúkú wò ó, ẹni tí ìwà rere kò kàn, tó kàn fẹ́ mọ ohun tí ilé ẹjọ́ yóò fi òun ṣe. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún, wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ni. Ohun tí Benjamin Cardozo, adájọ́ Amẹ́ríkà mìíràn, sọ ní Yunifásítì Yale ní 1921, nípa bí adájọ́ ṣe ń dé ibi ìdájọ́, náà ṣì ń bẹ lẹ́nu àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n kíyè sí i: kíkà ni ìwọ àti èmi ka méjèèjì, a ò sí níbẹ̀. Àsọyé ńlá sábà máa ń di ìwé tàbí fídíò. Béèrè bóyá wọn yóò gba ti adájọ́ yìí sílẹ̀. Bí wọn yóò bá gbà á, wò ó lọ́jọ́ tí àyè bá wà. Ìjókòó àwọn olùkọ́ kì í sábà ní fídíò, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ òun tí kò tíì jinná hàn fáráyé.

Ti àwọn ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò, fi í sílẹ̀ di ọdún tí wàá máa wá iṣẹ́. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí wọn yóò sọ ti wà lórí ojúewé wọn.

Ó wá ku ìbéèrè bíbi, èyí tí mo rí i pé ó ń dà ọ́ láàmú jù. Àpẹẹrẹ kan wà tí mo máa ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ní 1957, H.L.A. Hart, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan, wá láti Yunifásítì Oxford, ó ṣe àsọyé ní Yunifásítì Harvard. Ohun tó sọ ni pé ọ̀tọ̀ ni òfin tó wà, ọ̀tọ̀ ni èyí tó yẹ kó wà, kí á má pa méjèèjì pọ̀. Ó fi àpẹẹrẹ kékeré kan gbè é: òfin kan sọ pé ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà ìtura. Mọ́tò, ó dájú pé òfin mú un. Kẹ̀kẹ́ ológeere ńkọ́? Bàtà onítáyà? Mọ́tò ìṣeré ọmọdé? Ó ní ọ̀rọ̀ máa ń ní àárín tó dájú, etí rẹ̀ ló máa ń ṣókùnkùn. Lon Fuller, tó ń kọ́ni ní Harvard níbẹ̀, kò gbà, ó sì ní òun gbọ́dọ̀ fèsì. Ìwé àtìgbàdégbà ilé ẹ̀kọ́ òfin náà tẹ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jáde ní 1958.

Ìbéèrè kan wà nínú èsì Fuller tí mo fẹ́ kí o gbé yẹ̀ wò dáadáa. Ó ní: ká ní àwọn ará àdúgbò gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé e sórí pèpéle nínú ọgbà náà, kí ó máa jẹ́ ìrántí ogun, ṣé òfin mú òun náà? Wo bí ó ṣe ṣe é. Kò ní Hart kò mọ nǹkan kan. Kò ka gbogbo ohun tí òun alára mọ̀ síta. Àpẹẹrẹ Hart fúnra rẹ̀ ló mú, ó yí ohun kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀. Àárín tí Hart ní ó dájú yẹn gan-an ló gbé ọkọ̀ náà sí, tó fi wá di pé èèyàn kò lè dáhùn láìkọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe òfin náà. Ìbéèrè rere ni ìyẹn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá ogún láti sọ jáde.

Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbi àpérò yín, kí n fi hàn ọ́. Ní 2018, Stephen Thaler kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ méjì ní Ìlú Ọba, ó sì sọ pé ẹ̀rọ òun tó ń jẹ́ DABUS, irú èyí tí wọ́n ń pè ní AI, ló hùmọ̀ wọn, pé òun kọ́. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, wọ́n sì dá a ní oṣù Kejìlá 2023 pé lábẹ́ òfin wọn, èèyàn ẹlẹ́ran ara nìkan ló lè jẹ́ olùhùmọ̀. Ó dájú pé ó kéré tán olùsọ̀rọ̀ kan nínú àwọn mẹ́rin yóò dárúkọ ẹjọ́ yìí, nítorí náà, ka ìdájọ́ náà kí o tó lọ. Kò gùn, kò sì nira. Wàá rí ibi tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé ká ní Thaler sọ pé òun ni olùhùmọ̀, tí òun kàn lo DABUS bí irinṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Ìbéèrè rẹ nìyẹn, ó ti bẹ́ sílẹ̀: "Bí ilé ẹjọ́ bá lè gba ẹni tó pe ẹ̀rọ náà ní irinṣẹ́, kí ló ń dá ẹni tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rárá dúró láti máa pe ara rẹ̀ ní olùhùmọ̀? Ta ni yóò sì mọ̀?" Gbólóhùn méjì péré.

Kúkúrú ni kí o jẹ́ kó mọ, torí àkókò kò sí. Ṣírò rẹ̀: wákàtí kan, olùsọ̀rọ̀ mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú márùn-ún fún atọ́kùn láti fi wọ́n hàn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù, ká tiẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò lò kọjá àkókò rẹ̀, wọ́n sì máa ń lò kọjá. Ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò wọlé. Ẹni tó bá dìde tó ní "èmi kò ní ìbéèrè o, àlàyé díẹ̀ ni," àkókò àwọn ẹlòmíràn ló ń jẹ.

Ní ti ẹ̀rù, má retí kó lọ kí o tó ṣe é. Kọ ìbéèrè náà sórí bébà látilé, kí o sì kà á jáde láti orí bébà. Kò sẹ́ni tí yóò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Jókòó síbi tí ojú atọ́kùn tó. Na ọwọ́ ní kùtùkùtù, torí bí ìbéèrè bá ti ń lọ, ọkàn rẹ á túbọ̀ máa lù kìkì, ẹlòmíràn sì lè bi ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ìwádìí kan jáde ní 2018 tó wo sẹ́mínà 247 ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, kì í ṣe ti òfin ni wọ́n dá wò, ó sì rí i pé àwọn obìnrin kì í béèrè tó bí iye wọn ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, pé ìyàtọ̀ náà tún máa ń fẹ̀ sí i bó bá jẹ́ ọkùnrin ló bi ìbéèrè àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí mo ti kà á, tí mo bá ń ṣe atọ́kùn, obìnrin tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. O lè lọ bá atọ́kùn yín kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí o sọ fún un pé o ní ìbéèrè kan. Inú rẹ̀ á dùn, torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn àpérò ni ohun tí atọ́kùn ń bẹ̀rù jù.

Ṣọ́ra fún ohun kan. Bí wọ́n bá sọ pé Òfin Chatham House ni wọ́n ń tẹ̀ lé, èyí tó ti wà láti 1927, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o lè lo ohun tí o gbọ́, ṣùgbọ́n o kò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́ tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni o kò gbọ́dọ̀ sọ ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ níbi ìjókòó olùkọ́ yín, ìwọ ṣáà ṣe bẹ́ẹ̀. Má ya àwòrán síláídì iṣẹ́ tí kò tíì jáde, má fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kankan. Mo ti rí i rí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ẹnì kan.

Má máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bíi tinú kíláàsì. Ohun tí olùsọ̀rọ̀ ní ó jẹ́ òótọ́, ìdí tó gbé e lé, àti ibi tí kò tíì tẹ́ ọ lọ́rùn: mẹ́ta yẹn tó. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o tó sùn, fi ọ̀rọ̀ ara rẹ kọ wọ́n sí ojú ewé kan. Bí ọ̀rọ̀ olùsọ̀rọ̀ kan bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kọ ímeèlì sí i láàárín ọjọ́ méjì, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí o béèrè ohun kan pàtó nínú ohun tó sọ. Má tọrọ iṣẹ́ nínú rẹ̀.

Lónìí gan-an, kọ̀wé sí akọ̀wé fákọ́tì yín pé o fẹ́ wá sí ìjókòó náà, kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ olùkọ́ yín ránṣẹ́ sí ọ bí wọ́n bá ti ń pín in. Ẹni tí kò bá kà á ṣáájú, bíi kó má wá ni, torí láti ìṣẹ́jú kọkànlá ni wọn yóò ti máa pe ojú ewé tí kò sí níwájú rẹ̀.