Ìdáhùn fún ẹni tó ní quilt mẹ́rin nílẹ̀ tí kò tíì parí ọ̀kankan

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa. O ní quilt mẹ́rin, ìbora alábùlẹ̀ tí à ń fi àgékù aṣọ rán, ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ: ọ̀kan fún ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ bí, ọ̀kan fún oníbàárà, méjì fún ara rẹ. O wá ń béèrè pé ṣé kí o pa mẹ́ta tì kí o gbájú mọ́ ẹyọ kan, àti pé ibo làwọn èèyàn ti ń rí àwọ̀, torí tìrẹ máa ń pariwo jù tó o bá ti tò wọ́n sí ara wọn. Àwọn tó dá ọ lóhùn ṣáájú mi ní kí o parí ọ̀kan kí o tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó bá ń ti ara rírán aṣọ jẹun ní Òṣogbo yìí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Iná lọ, maṣíìnì dúró. Òjò ò dá, aṣọ tó o fọ̀ ò gbẹ. Oníbàárà ò tíì mú owó wá, o ò rí aṣọ ẹ̀yìn rà. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ, wàá kàn jókòó máa wo ògiri ni.

Má pa ìkankan tì. Ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé ni kí o wò. Má jẹ́ kí méjì wà lórí tábìlì gígé lẹ́ẹ̀kan náà, torí ibẹ̀ ni àgékù ti ń wọnú ara wọn. Kí ọ̀kan wà níbi gígé, kí ọ̀kan wà lábẹ́ maṣíìnì, kí ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan lò ń fi rán an, kí ẹ̀kẹrin sì máa sùn nínú báàgì. Èyí tí à ń fi ọwọ́ rán yẹn ni mo máa ń gbé lọ sí ìpàdé ẹbí, òun náà ni mo máa ń fà yọ tí wọ́n bá ti mú iná lọ tí ilẹ̀ ò tíì ṣú. Kọ̀ọ̀kan ní báàgì tirẹ̀, pẹ̀lú bébà kan nínú rẹ̀ tó o kọ ìwọ̀n sí àti ibi tó o bá a dé. Ìyókù o ti mọ̀: fọ̀ ọ́, lọ ọ́, gé e, fi kọ́tà ínṣì sílẹ̀ fún ojú rírán, rán an, tún un lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fetí sí gan-an ni pé kì í ṣe púpọ̀ iṣẹ́ ló ń da iṣẹ́ rú. Ẹnì kan tó máa wọlé tí á ní kí gbogbo tọ́wọ́ rẹ dúró de tòun ni. Mo fojú mi rí i.

Ọdún kan, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ti ń sún mọ́lé, ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ pe àwa mélòó kan tí à ń rán aṣọ alábùlẹ̀. Wọ́n fẹ́ ìbora bẹ́ẹ̀dì aládìrẹ fún ilé tí wọ́n máa gba àlejò sí. Inú wa dùn, ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà nílẹ̀, ti ìyàwó kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù dẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ maṣíìnì mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ti àwọn ni kó ṣíwájú, pé ti ìjọba ni. Wọ́n ní adìrẹ àti funfun. Nígbà tí a ti gé e tán, wọ́n ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì ti yí padà. Nígbà tí a tún un gé, wọ́n mú ògbóǹtarìgì kan wá láti Èkó, ó gbé bébà róbótó kan tí àwọ̀ yí ká dání, ó ní aró ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àwọ̀ ilẹ̀, pé ó ń pa ara wọn. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì yẹn. Ilẹ̀ pupa ni, obìnrin kan wọ adìrẹ, ó ń kọjá lọ lórí rẹ̀, kò sí èyí tó kú nínú àwọn méjèèjì.

Èyí tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Ògbóǹtarìgì yìí ní kí a rẹ adìrẹ wa sínú fínégà àti iyọ̀ mọ́jú, pé aró ò ní yọ mọ́. Mo sọ ọ́ lójú wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni aró ṣe rí. Akọ̀wé wọn ní, “Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàwé ẹ̀ sọ̀rọ̀.” Ní Òṣogbo o! Ìlú tí Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti bínú lórí ìkòkò aró tí igi wó lù tó fọ́, tí gbogbo wa ń pa ìtàn rẹ̀ fọ́mọ, ibẹ̀ ni ẹni tí kò ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró rí ti wá ń kọ́ wa ní aró. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ohun tí ó bá ní ká ṣe la máa ṣe, bí a ò bá ṣe é, kò sówó. A ṣe é.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ìwọ má baà kó sí i. Aró ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú, tàbí kọ́stíìkì sódà tí wọ́n ń lò báyìí, pẹ̀lú bí afẹ́fẹ́ ò ṣe ráyè wọnú ìkòkò, ló ń mú kí ó yòrò. Tó o bá fa aṣọ yọ, kì í ṣe búlúù ló máa kọ́kọ́ jẹ́. Á rí bíi ewé tó ń pọ́n, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni á máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ títí á fi di aró. Èyí tó ti di aró tán ò tún yòrò mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí kò rí ara òwú dì mú dáadáa kàn jókòó sórí aṣọ lásán ni. Òun ló ń kun ọwọ́, tó ń kun ìdí àga, tó ń kun quilt rẹ. Fínégà ò ní iṣẹ́ kankan tó lè ṣe níbẹ̀. Irun àgùntàn àti sílíkì ni fínégà ń bá ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń rẹ wọ́n láró irú tiwọn, kì í ṣe aṣọ òwú tó ti jáde nínú ìkòkò. Iyọ̀ náà ò lè dè é mọ́lẹ̀. Omi ló máa ṣe é: ṣan án, ṣan án, tún un ṣan, títí omi á fi mọ́. Adìrẹ tí wọ́n lù títí tó ń dán, tí ojú rẹ̀ dúdú wẹlẹmu, òun gan-an ni kí o ṣọ́ra fún, ó ṣeé ṣe kó má tíì rí omi tó tó.

A rán ìbora yẹn tán, wọ́n ní ká fọ̀ wọ́n ká tó kó wọn wá. Mo fa àkọ́kọ́ jáde nínú omi. Gbogbo ibi funfun ti di búlúù ràkọ̀ràkọ̀. Níbi igun kan, aró ti gba ojú ìrán kọjá, ó dúró ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́, kódà òwú funfun tí mo fi rán an ti di aró, mo lè ka ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ògbóǹtarìgì ti padà sí Èkó, kò gbé ìpè mi. Ọ̀gá ọ́fíìsì ní iṣẹ́ ọwọ́ wa ni kò dáa.

Bí a ṣe yọ ọ́ nìyí, kọ ọ́ sílẹ̀: má jẹ́ kó gbẹ, má sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Wá ohun tó tóbi tí aṣọ lè sùn sí láìsí igun kan tó yọrí, bu omi gbígbóná púpọ̀ sí i, fi ọṣẹ aṣọ dáadáa, tẹ aṣọ rì pátápátá, kí o sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Tí omi bá ti di aró, dà á nù, bu tuntun, fi ọṣẹ, tún un ṣe. Púpọ̀ omi ni àṣírí ẹ̀, torí inú omi ni kí aró náà máa léfòó, kó má padà dúró sórí aṣọ. Púpọ̀ nínú tiwa jáde. Ibi tí kò jáde, mo rán ìbùlẹ̀ mìíràn lé e lórí.

Owó? Fáìlì ò kúrò lórí tábìlì. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá lọ sí ìpàdé. Ẹni tó máa buwọ́ lù ú ti gba ìsinmi. Ọdún Ọ̀ṣun parí, àlejò ti sùn sórí ìbora wa, wọ́n ti ya fọ́tò, ẹni tó jókòó síwájú nínú fọ́tò ni akọ̀wé. Ti ìyàwó yẹn wà lábẹ́ maṣíìnì títí ó fi lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ sì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó sọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé iṣẹ́ wá, kí ó san owó aṣọ kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Gé díẹ̀ nínú aṣọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹnu kò sí, fi pín-ìnnì kàn án mọ́ bébà, kọ ìwọ̀n, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. “Búlúù” tí ẹnu sọ kì í ṣe àdéhùn. Àti pé tí wọ́n bá pè ọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní wọ́n máa pín maṣíìnì, béèrè maṣíìnì náà kí o tó ra fọ́ọ̀mù.

Àwọ̀, mo ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Kò sí bébà róbótó tó o máa rà. Lọ jẹ àmàlà. Mo ń sọ òótọ́: bu àbùlà, kí o tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wò ó. Àmàlà dúdú ló gba àwo, gbẹ̀gìrì àti ewédú pín ìyókù, ọbẹ̀ ata ò ju ṣíbí díẹ̀ lọ lórí wọn, síbẹ̀ ata lojú rẹ kọ́kọ́ lọ bá. Tí ata bá pọ̀ tó àmàlà, ṣé wàá lè wò ó? Ohun tó ń pariwo nínú quilt tìrẹ nìyẹn. Mo wo fọ́tò tó o fi síbẹ̀. Pupa, ọsàn àti yẹ́lò pọ̀ bákan náà, gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ ata. Mú àwọ̀ tó ṣókùnkùn kan kó gba ààyè púpọ̀, kí pupa rẹ kéré.

Ibi tí èmi ti ń rí tèmi ò jìnnà. Ní ọjà Ìgbọ̀nà lẹ́yìn òjò, abẹ́ agboòrùn aláwọ̀ ewé, ojú oníṣu àti iṣu rẹ̀ á máa gba àwọ̀ ewé yẹn, tàtàṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì pọ́n ju bó ṣe pọ́n lọ. Páànù tó ti dípẹtà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú ọ̀run tó ń ṣú, mo ti rán ìyẹn rí, àwọ̀ ilẹ̀ àti aró ni, àwọn méjì tí ògbóǹtarìgì ní wọn ò gbọ́dọ̀ pàdé. Tó o bá wọ Igbó Ọ̀ṣun, wo àwọn ère tí Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ fi ilẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì mọ. UNESCO fi igbó náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2005, ṣùgbọ́n èéhù tútù tó hù sára sìmẹ́ǹtì ni kí ìwọ wò, bí àwọ̀ ewé ṣe wà lóríṣiríṣi lórí eérú kan náà.

Àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó ń rán quilt ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ṣòkòtò oko tó ti gbó ni wọ́n ń gé. Ibi tí wọ́n ti tú àpò ṣòkòtò kúrò, búlúù ibẹ̀ ṣì jinlẹ̀, àyíká rẹ̀ ti ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ láàárín quilt. Ní 2002, ilé ọnà ńlá kó iṣẹ́ wọn jọ ní Houston, lẹ́yìn náà ní New York, nígbà tó sì di 2006, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítáǹpù. Aṣọ tó ń ṣá nílé rẹ, má sọ ọ́ nù.

Tó o bá tò wọ́n tán, ya á ní fọ́tò kí o sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun lórí fóònù. Tí gbogbo rẹ̀ bá di àwọ̀ eérú kan náà, kò sí èyí tó mọ́lẹ̀ kò sí èyí tó ṣókùnkùn, àwọ̀ ò lè gbà á. Má sì yan aṣọ lábẹ́ gílóòbù funfun alẹ́, ó ń parọ́ fún búlúù. Gbé e jáde sí ẹnu ọ̀nà láàárọ̀. Fi ọ̀pá kan lé ànkárá tó o máa rà láti fi gbá etí quilt, torí tí àrà kan bá tán lọ́jà, oníṣòwò á fi èyí tó jọ ọ́ hàn ọ́, á sì búra pé òun kan náà ni.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni kó kọ́kọ́ gba abẹ́ maṣíìnì, kí ti oníbàárà bọ́ sórí tábìlì gígé, kí ọ̀kan nínú tìrẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Má fi adìrẹ sí ti ọmọ rárá, ọmọ á fi sẹ́nu. Ànkárá àtijọ́ tí ìyá rẹ ti fọ̀ títí tó ti rọ̀ ni kí o lò. Adìrẹ tó o bá rà, fi nu aṣọ funfun tútù kan kí o wò ó, tó bá kùn ún, padà sínú omi. Tí omi ẹ̀ bá ti mọ́ gaara, fi í sí ti oníbàárà, kí òun náà sì mú owó aṣọ wá kí o tó gé e.