Ohun tí mo fi rọ́pò bàlúùnù àti òdòdó onírọ́bà

Àbúrò mi, o ní oṣù Kejìlá nìgbéyàwó rẹ, pé o ò fẹ́ bàlúùnù àti òdòdó onírọ́bà, síbẹ̀ o ò fẹ́ kí gbọ̀ngàn ṣófo. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Nígbà ìgbéyàwó tèmi, fóòmù àti bàlúùnù la fi kún ibi gbogbo. Nígbà tí mo padà lọ kó abọ́ wa lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti dí gọ́tà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, òjò òru sì ti gbé omi ìdọ̀tí wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ. Ojú tì mí gan-an. Nígbà tó wá kan ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin kan l'Abẹ́òkúta, mo ní èmi ni màá mójú tó ọ̀ṣọ́.

Ọjà Ìtòkú la kọ́kọ́ lọ. Àdìrẹ la fi bo tábìlì, òun náà la ta sẹ́yìn àga ọkọ àti ìyàwó. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ lọ́jà o! Yí aṣọ náà sódì wò: tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun báláú, kì í ṣe inú aró ló ti jáde. Yáàdì méjì-méjì la gé e, a sì pín in fún àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn àríyá. Wọ́n ṣì ń ró o dòní. Ohun tí o ò bá ti mọ ẹni tó máa lò ó lọ́jọ́ Àìkú, má rà á.

Ọ̀rọ̀ màrìwò ló dùn mí jù. Mo fi í sẹ́nu ọ̀nà, ó pọ́n dáadáa, ó wù mí. Ni ìyá ọkọ bá dé, wọ́n dúró síta: "Ṣé ojúbọ Ògún lẹ pè mí wá ni?" Wọn ò wọlé àfìgbà tá a tú u. Wọn ò jẹ̀bi. Aṣọ Ògún ni màrìwò, ibi tí wọ́n bá ta á sí kì í ṣe ibi eré. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù la fi rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbé lọ́jọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, ẹnikẹ́ni ò sì bínú. Torí náà, bi ìdílé méjèèjì kó o tó gé ewé kankan. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni kó o gé e, kó o ki ìdí rẹ̀ bomi. Èyí tá a gé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti rọ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìkòkò òdòdó tó ń hù, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á létí títì, ló rọrùn jù. Àwọn àlejò gbé gbogbo rẹ̀ lọ sílé.

Ìkan kù. Igbá tá a yá láti fi kó èso sórí tábìlì, ẹni tó ń bá wa ṣe ọ̀ṣọ́ ti fín ọ̀dà aláwọ̀ góòlù sí i lára kí n tó dé. Igbá jíjẹun di ohun tí kò ṣeé jẹun mọ́, àwa la sanwó rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kó o tó san owó àsansílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kò gbọdọ̀ sí ọ̀dà, kò gbọdọ̀ sí rọ́bà, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i.