Máàkì mélòó la ó máa yọ fún àṣìkọ kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 ni mò ń kọ́ ní àròkọ. Ìdajì máàkì ni mo máa ń yọ fún àṣìkọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ àwọn òbí kan ní ó ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ló yẹ kí n máa yọ?

Ìdáhùn: Tíṣà mi, ẹ má yọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ rárá. Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni ná iye rẹ̀. Ì báà jẹ́ ìdajì, ì báà jẹ́ ìdámẹ́rin, ẹni tó ń ka àṣìkọ kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹ wo ọmọ méjì. Èkíní kọ ọ̀rọ̀ 80: “Mo jí. Mo wẹ̀. Mo jáde.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé ìparí, àṣìkọ rẹ̀ jẹ́ 4. Èkejì kọ ọ̀rọ̀ 300. Ó ròyìn ìjà òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun tí kálukú wí, àti ohun tó mú kí òun lọ tọrọ àforíjì. Àṣìkọ tirẹ̀ jẹ́ 12. Lọ́dọ̀ yín, èkíní pàdánù máàkì 2, èkejì pàdánù 6. Bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ 100, àṣìkọ 5 ni ti èkíní, 4 péré ni ti èkejì! Ọmọ tó mọ̀ ọ́n kọ jù lẹ fìyà jẹ. Tó bá tún di ìgbà mìíràn, yóò ti fọgbọ́n kọ́gbọ́n: yóò kọ ṣókí, yóò sá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá dá a lójú. Àwa kan náà la ó tún máa ráhùn pé àwọn ọmọ ò lè kọ̀wé tó gùn. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ní ọjọ́ orí yìí, ọmọ ń kúrò nínú ìtàn “lẹ́yìn náà, lẹ́yìn náà” bọ́ sínú àlàyé àti àríyànjiyàn. Ó ń dán gbólóhùn oníbọ̀ wò, ìyẹn èyí tí gbólóhùn mìíràn há sínú rẹ̀, kò sì lè ṣe kí ó má kọsẹ̀. Àṣìkọ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá lè jẹ́ àmì pé ó ń dàgbà.

Ẹ lè ní kíka àṣìkọ ni kò jẹ́ kí tíṣà ṣe ojúsàájú. Òótọ́ ni pé ojú kò rí bákan náà. Ní 1961, àwọn olùwádìí Educational Testing Service, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò ní Amẹ́ríkà, kó àròkọ 300 fún òǹkàwé 53, kí wọ́n pín wọn sí ìpele 9, láìsọ ohun tí wọn yóò wò fún wọn. Kò sí àròkọ kan tí kò gba ìpele 5 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán: àwọn kan ń wo èrò, àwọn kan ń wo àṣìkọ. Ohun tó wo èyí sàn ni òṣùwọ̀n máàkì tí gbogbo ẹ̀yin tíṣà jọ fọwọ́ sí, kí tíṣà kejì sì ka díẹ̀ nínú ohun tí ẹ ti máàkì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ka àròkọ tán láìmú bírò pupa dání. Kí ni ọmọ yìí ń sọ? Ṣé ó fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn? Ṣé ìpínrọ̀ kan so mọ́ èkejì? Ẹ fún ìyẹn ní máàkì tó pọ̀ jù. Àkọtọ́ àti àmì ìkọ̀wé ní máàkì tiwọn lọ́tọ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ àwọn yòókù run. Ọ̀rọ̀ kan náà tó ṣì kọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, àṣìṣe ẹyọ kan ni. Ẹ mú irú àṣìṣe méjì péré kí ó ṣiṣẹ́ lé lórí. Àròkọ kan ṣoṣo kò sì tó láti fi dájọ́ ọmọ. Ẹ gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí irú wọn yàtọ̀.

Mi ò ní àkọtọ́ ò ṣe pàtàkì o. Bí àjọ ìdánwò yín bá ní òfin tirẹ̀, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé nínú ìdánwò náà. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ já gaara àmọ́ tí ìkọ̀wé ń dà láàmú lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lójúkojú. Mi ò lè ti ibi lẹ́tà sọ ohun tó ń ṣe é.

Ní ti àwọn òbí, wọ́n jàre. Ẹ gbé àròkọ tí ọmọ wọn kọ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní, kí ẹ sì jọ kà á.