"Òòfà tí a fà": ṣé Yorùbá nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi tó ń ka físíìsì ní yunifásítì sọ pé òun ń wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fa òòfà kan tí inú rẹ̀ lọ́. Òòfà tí mo mọ̀, òun ló ń fa irin. Ta ló tún ń fa òòfà?

Ìdáhùn: Ẹ ti tẹ ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà. Inú "fà" ni òòfà ti jáde: ohun tó ń fa nǹkan mọ́ra. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni orúkọ yìí sọ, kò sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

Nínú òòfà, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan dà bí òòfà kékeré tó kọjú síbì kan. Nínú irú èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ fìríìjì, ọ̀pọ̀ wọn jọ kọjú síbì kan náà ni. Nínú ti ọmọ yín, ìkọ̀ọ̀kan yí ojú díẹ̀ kúrò níbi tí aládùúgbò rẹ̀ kọ sí, títí gbogbo rẹ̀ fi lọ́ bí okùn. Ẹ wo ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lọ́ okùn lórí itan: apá ibi tó bá lọ́ ọ sí ló máa gbà dópin. Tàbí ẹ wo ìkarahun ìgbín. Ẹ gbé dígí síwájú rẹ̀, èyí tó wà nínú dígí á lọ́ sódì, wọn ò sì lè wọnú ara wọn láéláé. Bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe tò ló ń fa irú lílọ́ bẹ́ẹ̀. Dzyaloshinskii ará Rọ́ṣíà àti Moriya ará Japan ló ṣàlàyé agbára tó wà nídìí rẹ̀, ní nǹkan bí 1958 sí 1960.

Bí a bá wá gbé òòfà mìíràn sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n tó yẹ, lílọ́ yìí lè ká jọ bí òṣùká: ààrin kọjú sísàlẹ̀, etí kọjú sókè, àwọn tó wà láàrin méjèèjì ń yí ojú díẹ̀díẹ̀. Skyrmion ni wọ́n ń pè é. (Èmi ò rí ohun tó burú nínú òṣùká, ó kúkú jọ ọ́.) Ní 2009 ni àwọn onímọ̀ ní ìlú Munich, ní Jámánì, rí i pé ó tò lọ bẹẹrẹ nínú èròjà méjì, manganese àti silicon, tó para pọ̀ di ọ̀kan. Nínú irin tó bá èròjà mìíràn tó ń jẹ́ germanium para pọ̀, òṣùká kan fẹ̀ tó nánómítà 70. Ẹ gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí ẹ kó 70 níbẹ̀.

Fífà ló wá kàn. Ní 2015, àwọn ará Japan jẹ́ ká rí i pé bí irin oní-germanium yìí bá nà ní ìdá 0.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn mìlímítà 3 nínú mítà kan, ìtò àwọn òṣùká náà á daru tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó rí róbótó á gùn bí ẹyin. Ìdí ni pé agbára tó ń lọ́ wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó fẹ́ kí wọ́n jọ kọjú síbì kan. Nínà díẹ̀ ti tó láti mú kí lílọ́ náà le níhà kan, kó dẹ̀ níhà kejì. Nínú ti manganese, títẹ̀ lásán lè mú kí òṣùká yọ tàbí kó pòórá, ó kù síhà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, Yorùbá ni "òòfà tí a fà". Kìkì pé kí ọmọ náà ya méjì sọ́tọ̀: "fà" ni ohun tí ọwọ́ ṣe, "nà" ni ohun tó bá òòfà náà. Bó bá jẹ́ títẹ̀ ni, kó sọ pé ó súnkì.